TA NI Ó NI ỌMỌ? Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti ìjọba

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 2:1-10; Deutarónómì 6:4-9; Dáníẹ́lì 1:1-17; 1 Sámúẹ́lì 3:11-14

  Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan tí àwọn kíláàsì wa lè lò lẹ́yìn àjọ̀dún. Mo ti fẹ́ kọ nípa ààwẹ̀ gbígbà, mo tilẹ̀ ti kọ ojú ewé kan, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé àwọn òbí nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Ìyànà Iyesi tí kò jẹ́ kí n lè parí rẹ̀.

Arákùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò yìí dìde. Ó ní ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ òun ń lọ ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ máa wá sí ìsìn tiwọn láàárọ̀ Ọjọ́rú. Òun kò bá wọn jà lórí ìyẹn, àdúrà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ọmọ náà délé, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan òun, nítorí pé ìyá náà ti wọ aṣọ funfun tí ó fẹ́ fi lọ sí ìsìn. Wọ́n ti kọ́ ọ níbẹ̀ pé ẹ̀mí òkùnkùn ni ó wà nínú aṣọ náà. Arákùnrin yìí wá béèrè pé: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, èmi ni mò ń san owó ilé-ìwé. Ta ló ni ọmọ yìí gan-an, èmi ni àbí àwọn?"

Ká tó mọ̀, ariwo ti sọ. Ẹnì kan ní kó mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá kan dá a lóhùn pé ọ̀fẹ́ tí ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí tíṣà kan ń dá kọ́ kíláàsì méjì, irú ọ̀fẹ́ wo nìyẹn? Ẹlòmíràn ní kí ìjọ wa náà dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, kí a fi owó ìkórè ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá wa gbàdúrà, a túká. Ìbéèrè náà bá mi délé.

ÌYÁ MÓSÈ GBA OWÓ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí Íjíbítì. Àṣẹ tí Fáráò pa ní ìgbà náà ni pé kí gbogbo ọmọkùnrin Hébérù kú. Nígbà tí ọmọbìnrin Fáráò wá rí ọmọ nínú apẹ̀rẹ̀ ní etí odò, ilé ìjọba gan-an ni ó rí i, ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé ìyẹn. Àánú ṣe é, ó sì gbé ọmọ náà fún ìyá tí ó bí i láìmọ̀, pé kó bá òun tọ́ ọ, òun yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ wo ọgbọ́n Ọlọ́run! Ìjọba ń san owó, ìyá ń tọ́ ọmọ. Bí mo bá ń kọ́ kíláàsì ní ẹsẹ yìí, mo máa ń fi ṣe ẹ̀rín pé ìyá Mósè ni tíṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba san owó-oṣù fún, owó náà kò sì jẹ́ kó kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn Fáráò.

Lẹ́yìn náà ni Mósè wá lọ sí ààfin. Ó kọ́ gbogbo ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì, Stéfánù jẹ́rìí sí i nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 7:22. Ọgbọ́n náà kò pa á lára. Ó wúlò fún un nígbà tó yá. Ìdí tí kò fi pa á lára ni pé kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti mọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe. A kò mọ iye ọdún tí ó lò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bóyá kò ju kí ọmọ já lẹ́nu ọmú lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọdún náà tó.

Dáníẹ́lì náà ńkọ́? Nebukadinésárì kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ilé-ìwé ìjọba ní Bábílónì, ọdún mẹ́ta ni ètò ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n kọ́ wọn ní èdè àti ìwé àwọn ará Kálídíà. Wọ́n sọ wọ́n ní orúkọ tuntun. Ọba ní kí wọ́n máa jẹ lára oúnjẹ òun. Dáníẹ́lì kò sọ pé òun kò ní ka ìwé wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pàápàá, a kò kà á níbì kankan pé ó bá wọn jà lé e lórí. Oúnjẹ ni ó ní òun kò ní jẹ, ìrẹ̀lẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́, ó bẹ olórí àwọn ìwẹ̀fà, ó ní kí wọ́n dán àwọn wò ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ tí a kò kọ́ nílé kò lè mọ ibi tí yóò gbé e gbà àti ibi tí yóò gbé e kọ̀. Bábílónì kọ́ ni ó kọ́ ọ níyẹn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé Bíbélì lòdì sí kí ìjọba kọ́ ọmọ ní ìwé, kò ka Bíbélì rẹ̀ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka Deutarónómì 6. Àwọn òbí ni Mósè ń bá sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ ọba, kò tilẹ̀ dárúkọ àlùfáà. Òbí ni kí ó máa kọ́ ọmọ nínú ilé, lójú ọ̀nà, nígbà tó bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tó bá dìde.

BÍ ILÉ-ÌWÉ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA, ÀTI BÍ ÌJỌBA ṢE WỌLÉ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́kọ́ ń kọ́ni ní ìwé. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní September 1842, Henry Townsend ti CMS tẹ̀ lé e kí ọdún náà tó parí, ilé-ìwé sì tẹ̀ lé wọn. Ní Ọ̀tà tiwa níhìn-ín, James White, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró wá, ṣiṣẹ́ ìyìnrere fún CMS ní ọ̀pọ̀ ọdún láàrin 1850 sí 1880. Kì í ṣe gbogbo òbí ni ó fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ ní ìgbà náà. Oko ń pe ọmọ.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí i lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó di 1887, ó ṣe òfin ẹ̀kọ́ tí ó ń fún àwọn ilé-ìwé míṣọ̀n ní owó ìrànwọ́, ó sì ń rán alábẹ̀wò wá wò ó bóyá wọ́n ṣe dáadáa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló máa ń wà lókè.

Mo fẹ́ kí á sọ òtítọ́ kan níhìn-ín, nítorí inú ilé Ọlọ́run la wà. Àwọn míṣọ̀n náà kò fi gbogbo ìgbà bọ̀wọ̀ fún òbí. Ọ̀pọ̀ bàbá Mùsùlùmí ni ó rí i tí ọmọ rẹ̀ Ràímì lọ sí ilé-ìwé, tí ó padà wálé ní Raphael. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí wọ́n lè ní ilé-ìwé tiwọn. Ẹ̀dùn ọkàn tí arákùnrin wa ní lónìí, wọ́n ti ní in kí a tó bí i.

Àwa ọmọ Aládùúrà náà jẹ nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mí. Ní ọjọ́ 17 January 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí Olóyè S. O. Awókọ̀yà jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, mo wà lára àwọn ọmọ tí a kó wọ ilé-ìwé pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955 ó di 811,432. Inú ọ̀pọ̀ òbí kò dùn sí owó orí tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tilẹ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ kúrò lórí ètò náà. Bàbá mi kò lè san owó ilé-ìwé láéláé. Bí kì í bá ṣe ìjọba, oko ni ǹ bá wà, ẹ kì bá sì rí ẹni kọ ẹ̀kọ́ yìí fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin tó ń bú ìjọba rántí ìyẹn.

Ìjọba ni ó ń san owó tíṣà, ṣùgbọ́n míṣọ̀n ni ó ń ṣàkóso ilé-ìwé tí wọ́n mú mi sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á pe orúkọ àwọn ọmọ tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lánàá, wọ́n á sì nà wá. Bàbá mi, ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Èmi náà sì ń bá a lọ, nítorí náà ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ẹkún ni. Nígbà tó yá, bàbá mi wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ bá hẹ́dímásítà. Bàbá mi kò mọ ìwé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i tán, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ́ ọ ní ìwé. Bó bá ya olódo, ẹ nà án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ ọ ní àdúrà, èmi ni Ọlọ́run yóò bi léèrè rẹ̀." Ọkùnrin náà wò ó títí. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pe orúkọ mi mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Àmọ́ ohun tí bàbá mi ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Lálaalẹ́, bó bá ti oko dé, á ní kí n mú Bíbélì wá kí n kà á fún òun. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń mọ̀, torí ó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á ní, "Padà síbẹ̀." Ẹni tí kò mọ á yàtọ̀ sí bí ni ó kọ́ mi ní Ìwé Mímọ́.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N GBA ILÉ-ÌWÉ

Mo di tíṣà ní 1969. Ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba East Central State gba gbogbo ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ̀n. Kó tó di pé 1970 sí 1979 parí, àwọn ìpínlẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, 3 February 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, inú ètò yìí ni ó sì bọ́ sí. Ní September ọdún náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ ya wọlé bí omi, a kò ní kíláàsì tó, tíṣà kò sì tó.

N kò ní purọ́, àwa tíṣà dunnú sí i pé ìjọba gba ilé-ìwé. Lábẹ́ míṣọ̀n, bí o bá fẹ́ ìyàwó kejì tàbí tí o bá máníjà jiyàn, iṣẹ́ lè bọ́. Lábẹ́ ìjọba, a di òṣìṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, bí òrùlé bá jò, àwọn ọmọ ìjọ á kó páànù wá. Lẹ́yìn náà, bí ó bá jò, wọ́n á ní ti ìjọba ni. Òbí tó máa ń wá bá wa jà, tó máa ń wá bá wa gbàdúrà, kò wá mọ́. Wọ́n ti fi ọmọ náà lé ìjọba lọ́wọ́ pẹ̀lú ilé-ìwé.

Ìjà tí ó tóbi jù wá ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ní ẹ̀yìn Sango níbí. Ní 1980, ìjọba Alhaji Lateef Jákáńdè kọ ìwé pé òun yóò pa gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́. Èrò rẹ̀ kò burú: kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, òun ni ó kọ́ kíláàsì tí ó fi fòpin sí àṣà kí àwọn ọmọ kan máa lọ láàárọ̀, kí àwọn kan máa lọ lọ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń pe àwọn ilé náà ní ilé adìyẹ. Ṣùgbọ́n Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù Anthony Okogie ti ìjọ Kátólíìkì pè é lẹ́jọ́, àwọn òbí kan náà sì pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ gbà pé òfin-ìpìlẹ̀ 1979 kò fún ìjọba láyè láti pa ilé-ìwé aládàáni rẹ́. Gbogbo ilé-ìwé aládàáni tí ó kún Ọ̀tà àti Sango lónìí, nínú òjìji ẹjọ́ náà ni wọ́n ń jókòó.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Arákùnrin wa kò mọ̀ pé òfin Nàìjíríà ti dá òun lóhùn. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Nínú òfin-ìpìlẹ̀ 1999, abala 38, ìlà kejì, a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ọmọ ilé-ìwé kankan kí ó gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kí ó lọ sí ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀, tàbí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà dárúkọ òbí. Ó ti wà nínú ti 1979 náà. Gbogbo ayé pàápàá ti fọwọ́ sí ohun tó jọ ọ́ ní December 1948, nínú ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, abala 26, pé òbí ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti yan irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò gbà.

Ṣùgbọ́n ìlà kẹta abala 38 náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwọn tó fẹ́ kí ìjọ dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ dí ìjọ kankan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn rẹ̀ nínú ilé-ìwé tí ìjọ náà ń fi owó ara rẹ̀ bójú tó pátápátá. Pátápátá! Ẹ wo Ìlọrin ní 2021. Ilé-ìwé mẹ́wàá tí àwọn míṣọ̀n dá sílẹ̀, tí ìjọba ń san owó-oṣù àwọn tíṣà wọn, ni ìjọba Kwara tì pa nítorí ọ̀rọ̀ hijab, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó bá fẹ́ máa lò ó níbẹ̀. Ilé-ìwé àwọn Aládùúrà wà nínú mẹ́wàá náà: C&S College ní Sábó-Òkè, àti CAC Secondary School ní ọ̀nà Asà Dam. Àwọn ìjọ ti lọ sí ilé-ẹjọ́ ṣáájú, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ti dá ìjọba láre ní 2019. Orúkọ ìjọ ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó ń sanwó ni ó ń pàṣẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ó dun èmi pẹ̀lú. Síbẹ̀, bàbá Mùsùlùmí tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé-ìwé náà, abala 38 kan náà ni òun náà ń kà. Ẹ̀tọ́ tí a bá ń bèèrè fún ara wa, a kò lè fi du ọmọnìkejì.

ÌGBÀ TÍ ÌJỌBA JÀRE ÒBÍ

Àṣẹ tí Ọlọ́run fún òbí kì í ṣe àṣẹ láti ba ọmọ jẹ́. Bí ẹ bá gba abẹ́ afárá Sango kọjá ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó rí ọmọ tó gbé omi tútù lórí, tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ní òbí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ pé dandan ni fún gbogbo òbí láti rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ọdún mẹ́sàn-án, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹni tí ó bá kọ̀, ilé-ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ bá a wí; bí ó bá tún ṣe é, N2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì; lẹ́yìn ìyẹn, N5,000 tàbí oṣù méjì. N kò tíì rí òbí kan tí wọ́n mú nítorí rẹ̀ ní àdúgbò yìí, kí á sọ tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan ilé. Mo ti gbọ́ ọ létí mi nínú àwa Aládùúrà, tí ènìyàn yóò sọ pé ìran ni wọ́n rí sí ọmọ, kí ó má lọ sí ilé-ìwé ní ọdún yìí. Ẹ bá mi wo ìran náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé owó ilé-ìwé ni kò sí, ẹ wá sọ fún ìjọ. Ẹ má fi ẹnu Ọlọ́run sọ ọ́.

ÉLÌ, ÀTI ILÉ WA NÍ ÌYÀNÀ IYESI

Élì kò bá ìjọba jà. Kò sí ìjọba tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú tẹ́ńpìlì ni ó wà tọ̀sán-tòru, ó tọ́ Sámúẹ́lì ọmọ ọlọ́mọ ó yanjú, àwọn ọmọ tirẹ̀ bàjẹ́ níṣojú rẹ̀. Ìbínú tí Ọlọ́run sọ fún Sámúẹ́lì ní òru ọjọ́ náà ni pé Élì mọ̀, kò sì dá wọn lẹ́kun. Ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin aṣáájú, ẹ̀yin ìyá àdúrà tí ẹ ń ti orí àìsùn bọ́ sí orí òkè, ẹsẹ yìí kò jìnnà sí wa.

Àwọn tí kì í ṣe aṣáájú ńkọ́? Bàbá wà níbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ìyá ti dúró de bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ jí, ọmọ ọ̀dọ̀ wẹ̀ fún un, dírẹ́bà gbé e, tíṣà kọ́ ọ, tíṣà lẹ́sìnnì tún kọ́ ọ di ìrọ̀lẹ́, fóònù gbà á lọ́wọ́ wọn títí ó fi sùn. Nígbà tí ìwé èsì dé ní òpin táàmù, bàbá á béèrè pé, "Ipò kẹlòó lo mú?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó bi í láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Irú òbí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó sọ pé ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ta ló bá a gbé e?

N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo mọ bí iye owó oúnjẹ ṣe rí, iṣẹ́ tí kò bá gbà yín lálẹ́, ebi ni yóò gbà yín. Ṣùgbọ́n Deutarónómì dárúkọ ojú ọ̀nà, àwa tí à ń gbé níbí sì ní ojú ọ̀nà tó pọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ há mọ́ láàrin Ìyànà Iyesi àti Sango pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní wákàtí kan tí ó lè fi kọ́ ọ ní Orin Dáfídì, tí yóò sì tún bèèrè ohun tí tíṣà sọ lónìí. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú márúwá, onímárúwá náà ti mọ Orin Dáfídì mẹ́rin sórí báyìí.

OHUN TÍ Ó TẸ̀ LÉ ÌPÀDÉ NÁÀ

Mo bá arákùnrin wa lọ sí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. A mú ẹ̀dà abala 38 lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò fi gbé ìjà, ọ̀nà Dáníẹ́lì ni a gbà. Ẹni tó ni ilé-ìwé fún wa ní àga. Ó ní òun kò mọ̀ pé tíṣà kan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí ọmọ náà máa jókòó sí kíláàsì ní Ọjọ́rú tí àwọn yòókù bá lọ fún ìsìn. A dúpẹ́, a wálé, a rò pé ó parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, arákùnrin náà wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ọmọ náà ń dá jókòó ní Ọjọ́rú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í léèrè ìdí. Òun ni ó wá bi bàbá rẹ̀ pé: "Dádì, kí ló dé gan-an tí a fi ń wọ aṣọ funfun?" Arákùnrin wa dákẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wọ̀ ọ́. Ó ní òun kàn sọ fún un pé bí a ṣe bá a nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a jókòó, a ṣí Ìfihàn 7 àti Oníwàásù 9:8, a kà wọ́n títí iná fi lọ, a tan àtùpà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ó gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ní ti pé kí ìjọ dá ilé-ìwé sílẹ̀, èmi kò lòdì sí i. Ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò yìí kan náà ni Covenant University ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002. CAC sì ní Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Ìkéjì-Arákejì láti 2006. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ ìkórè tó ra bíríkì, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí: iye wo ni a ó gbà lọ́wọ́ ọmọ kan ní táàmù kí a lè san owó tíṣà láìtọrọ lọ́wọ́ ìjọba? Mélòó nínú àwọn òbí tí ó wà nínú ìjọ yìí ni yóò lè san án? Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì ni kò ní lè san án, a ó dá ilé-ìwé fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni. Èrò tèmi ni kí a fi kíláàsì ọjọ́ Àbámẹ́ta bẹ̀rẹ̀, ìwé kíkà Yorùbá àti Bíbélì, kí òbí máa bá ọmọ jókòó níbẹ̀. Bẹ́ńṣì wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì wà, mo ti kọ orúkọ tèmi sílẹ̀.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

Kí olùkọ́ bèèrè ìwọ̀nyí, kó sì fún àwọn ènìyàn láyè kí wọ́n jiyàn. Nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ rẹ ní ilé-ìwé, kí ni oúnjẹ ọba tí kò gbọdọ̀ jẹ, kí sì ni orúkọ lásán tí a lè gbójú fò? Bí ìjọ wa bá ní ilé-ìwé, tí òbí Mùsùlùmí mú ọmọ wá, ǹjẹ́ a ó fi dandan mú un wá sí ìsìn wa? Ìgbà wo ni o lọ sí ilé-ìwé ọmọ rẹ kẹ́yìn láìjẹ́ pé wọ́n pè ọ́ nítorí owó?

Èyí tó kẹ́yìn, kí a ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi òbí rẹ̀ ní ohun tí aṣọ funfun tí a ń wọ̀ túmọ̀ sí. Kí òbí dáhùn, kí olùkọ́ má bá a dáhùn.